Ọjọ́ Tí Mo Kú ní Kàbà

Ọjọ́ kan wà tó ti kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ náà ni mo kú ní Kàbà, lọ́sàn-án gangan, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n fín mi lóògùn, wọ́n fi aṣọ funfun wé mi láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n gbé mi kọjá lẹ́bàá ọgbà, ẹni tó mọ̀ mí dáadáa sì sunkún mi. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí náà ni. Nígbà tí mo jí, màsà, àkàrà ìrẹsì, ni mo kọ́kọ́ lọ rà, ìgbà yẹn gan-an ni wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé orí mi ti dàrú, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Iyah-Gbẹ̀dẹ̀, ìlú kan nítòsí Kàbà, là ń gbé. Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀. Èmi ń dáko iṣu díẹ̀, mo sì máa ń sin àwọn aboyún àdúgbò lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa, torí mo lẹ́nu tí nọ́ọ̀sì ò fi ní lè jágbe mọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì yẹn ló sọ fún mi pé wọ́n ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìlera aráàlú ní Kàbà, pé ènìyàn lè gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀ láì tíì dé yunifásítì, àti pé irú èmi tí mi ò lè panu mọ́ yìí ló yẹ kó lọ. Mo rò pé ó ń yìn mí ni. Ìgbà tí mo ti wọlé tán ló tó yé mi pé ó fẹ́ sinmi.

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Kò bá mi jà. Màmá kì í jà. Ó kàn máa ń wo báàgì ìwé mi bí ẹni ń wo àlejò tí wọn ò sọ fún un pé ó ń bọ̀.

"Ìyá Bọ́lá," ni yóò wí, "ṣé wolé-wolé lo wá fẹ́ dà? Kí o máa yọjú wo ṣalángá onílé kiri?"

Mo máa ń ṣàlàyé fún un pé iṣẹ́ tí à ń kọ́ ju ti wolé-wolé lọ, pé à ń kọ́ nípa omi àti oúnjẹ, nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, nípa bí àrùn ṣe ń ti ilé kan dé èkejì. Yóò gbọ́ ọ tán, yóò ní, "O ti tó ẹni tó ń sinmi, ìwọ lò ń wá iṣẹ́ kún iṣẹ́." Lọ́kàn mi, mo gbà pé obìnrin náà ò fẹ́ràn mi ni. Bí mo bá ti gun ọ̀kadà láàárọ̀ tí mò ń lọ Kàbà, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní juwọ́, kò ní sọ̀rọ̀, yóò kàn máa wò mí títí a ó fi yà kúrò níwájú ilé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, ẹ wo bó ṣe ń fojú lé mi lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká parí ẹ̀kọ́ náà, olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Dáre, pè wá jọ. Ó ní ìdánwò wa tó kẹ́yìn kì í ṣe èyí tí a máa jókòó kọ. A máa ṣe bí ẹni pé àrùn onígbáméjì, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́lẹ́rà, ti bẹ́ sílẹ̀ nílùú, olùdánwò kan, dókítà obìnrin, á sì wá láti Lọ́kọ́jà láti wo bí a ṣe máa kojú rẹ̀. Àwọn kan á ṣe nọ́ọ̀sì, àwọn kan á máa fín oògùn apakòkòrò, àwọn kan á máa bi ará ilé aláìsàn léèrè ibi tí wọ́n ti pọn omi.

"Ta ló máa ṣe aláìsàn?" ni ó béèrè.

Dókítà ni gbogbo wọn fẹ́ ṣe. Mo bá na ọwọ́ sókè. Mo ti rò ó dáadáa: ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe tí wọ́n á ní ó ṣì í? Ẹ wo irú ọgbọ́n tí mo ní.

Ọ̀gbẹ́ni Dáre fi òfin lé e. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ohun tó ń ṣe títí òun á fi fọn fèrè. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ti ba ìdánwò jẹ́ fún gbogbo kíláàsì. Ó gba fóònù gbogbo wa sínú ọ̀rá kan, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ kí ariwo rẹ̀ má baà dí wa lọ́wọ́. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó ronú pé ó yẹ ká sọ fún ará ilé pé a fẹ́ ṣeré àrùn lọ́jọ́ náà. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní kíláàsì, Rúkáyà lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Kàbà ni, àwọn òbí rẹ̀ ti ń ta aṣọ lọ́jà ibẹ̀ tipẹ́. Òun náà níṣẹ́ tirẹ̀: ó máa ń kun ìyàwó lójú lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọwọ́ tó fi ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di arẹwà, ọwọ́ náà ló fi sọ mí di aláìsàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó fi eérú kun ètè mi, ó fi àtíkè dúdú yí ojú mi po títí ojú náà fi wọnú, ó fi òróró díẹ̀ ra iwájú orí mi kó lè dà bí òógùn. Nígbà tó gbé dígí fún mi, àyà mi já.

"Rúkáyà, ṣé èmi rèé?"

"Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, Àǹtí. Eérú ètè yín á gbọ̀n."

Ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì kan síbi ẹsẹ̀ mi, ó da omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì sínú rẹ̀, torí bí ìgbẹ́ ẹni tí onígbáméjì mú ṣe máa ń rí nìyẹn, funfun, kò nípọn. Ẹni tó bá rí mi pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì yẹn kò ní béèrè ìbéèrè kejì.

Pápá tó wà lẹ́bàá ọgbà iléèwé wa ni wọ́n ti ta kánópì, lẹ́bàá títì tí àwọn ará ọjà máa ń gbà. Wọ́n fi okùn yí ibẹ̀ po. Olùdánwò dé, obìnrin gíga kan tó wọ awò ojú, tí kò rẹ́rìn-ín rárá. Mo dùbúlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí kérora. N ò ní purọ́ fún yín, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kérora títí ọmọ kíláàsì wa kan tó ń fín oògùn fi bẹ̀rẹ̀ sí wò mí pẹ̀lú àánú.

Rúkáyà ló ń ṣe nọ́ọ̀sì mi. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ẹni tó ń ṣu omi gbọ́dọ̀ máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà láì dáwọ́ dúró. Rúkáyà kò sì dáwọ́ dúró. Ó ń da ife kan tẹ̀lé èkejì sí mi lẹ́nu, bí mo bá sì ti fẹ́ yí orí kúrò, yóò wo ẹ̀gbẹ́ olùdánwò, yóò tún bu òmíràn. Kò pẹ́ tí ikùn mi fi dà bí garawa.

Mo rọra sọ fún un pé, "Rúkáyà, mo fẹ́ tọ̀."

Ó dìde dúró, ó kéde rẹ̀ fún olùdánwò: "Mà, aláìsàn ti ń sọ pé òun fẹ́ tọ̀. Ó fi hàn pé omi ti ń padà sí ara rẹ̀."

Olùdánwò mi orí pé ó dára, ó kọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó mú mi lọ síbi tí mo ti fẹ́ tọ̀.

Ibi tí mo ti ń fún ẹsẹ̀ pọ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Dáre ti dìde. Ó ní, "Ìròyìn tuntun ti dé. Aláìsàn yìí ti kú. Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ ó ṣe tọ́jú òkú rẹ̀ tí kò fi ní ko àrùn ran ẹlòmíràn."

Wọn ò bá mi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mo la ojú.

"Òkú, ẹ di ojú yín," ni Ọ̀gbẹ́ni Dáre wí.

Mo di ojú. Wọ́n fín mi lóògùn apakòkòrò, ó wọ gbogbo ìró mi, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀ bó ṣe ń bó àwọ̀ aṣọ náà lára mi. Wọ́n fi aṣọ funfun wé mi, wọ́n bò mí lójú, àwọn tó wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú gbé mi sókè, wọ́n ń gbé mi lọ lẹ́bàá ọgbà. Bí wọ́n ṣe ń gbé mi lọ ni mo gbọ́ igbe obìnrin kan láti ẹ̀gbẹ́ títì. Igbe náà gùn, ó wọni lára. Nínú aṣọ funfun mi, mo rò ó pé, ta ni nínú kíláàsì wa ló mọ ẹkún sun tó báyìí? Ẹni yìí ló máa gba máàkì jù lónìí. Inú mi tilẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀ pé ó ti gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.

Kì í ṣe ọmọ kíláàsì wa. Àǹtí Bísí ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń ta ìkòkò àti abọ́ oníke lọ́jà Kàbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó sọ ọ́ fún mi. Ọ̀kadà ló gùn tó ń lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó yíjú sí ọgbà, ó rí mi lórí ẹní, ó rí ojú mi, ó rí báàkẹ́ẹ̀tì. Kó tó lè sọ fún ọlọ́kadà pé kó dúró, wọ́n ti ń bò mí lójú. Ó sáré lọ bá bàbá tó ń ṣọ́ géètì, Bàbá Sùlé.

Bàbá Sùlé náà ní ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Dáre ti sọ fún un pé ẹni yòówù kó béèrè, kó ní kọ́lẹ́rà ti bẹ́ sílẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, kí olùdánwò lè rí i pé a mọ bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà. Nínú gbogbo wa, Bàbá Sùlé ló ṣe tirẹ̀ bí iṣẹ́ jù.

"Òkun o, bàbá," ni Àǹtí Bísí fi kí i. "Ìyàwó àbúrò mi ni mo rí níbẹ̀ yẹn. Kí ló ṣe é?"

"Kọ́lẹ́rà ni. Ẹ má súnmọ́ géètì."

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Wọ́n ní ó ti kú. Ẹ padà sẹ́yìn, ìyá. Ó ń ràn."

Àǹtí Bísí pe fóònù mi. Fóònù mi ń dún nínú ọ̀rá, nínú dúrọ́ọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó bá pe Bàbá Bọ́lá ní Iyah-Gbẹ̀dẹ̀.

Èmi ò mọ ìkankan nínú èyí. Lójú tèmi, ọjọ́ ń lọ dáadáa. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Dáre fọn fèrè, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Olùdánwò ní ká sinmi díẹ̀, ó wá fi kún un pé, "Ó ku aláìsàn kan. Mi ò ní sọ ìgbà tó máa dé, mi ò sì ní sọ ibi tó máa gbà yọ. Ẹ múra sílẹ̀." N ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Mo ti sáré lọ sí ilé ìtọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí mo ṣe tán níbẹ̀, oògùn tó wà nínú ìró mi ti ń yún mi lára. Mo bọ́ ìró náà sílẹ̀, mo fi aṣọ funfun tí wọ́n fi wé mi ró ìdí, mo fa èyí tó kù bo èjìká. Mo bu omi sójú, àmọ́ òróró Rúkáyà ò jẹ́ kí eérú náà lọ, ńṣe ló kàn tàn kálẹ̀. Ebi sì ń pa mí, torí láti àárọ̀ ni wọn ò ti jẹ́ kí n fẹnu kan nǹkan kan àyàfi omi oníyọ̀. Obìnrin kan wà tó máa ń din màsà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì nínú ọgbà. Ó kọ́kọ́ kọ̀ láti tà fún mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ mi fún òun. Mo sọ ọ́, ó bá tà á.

Bàbá Sùlé ti lọ kírun, géètì ṣí sílẹ̀. Mo ti bu màsà kan jẹ nígbà tí mo rí ọkọ̀ ọ̀gá iléèwé ọkọ mi tó wọlé. Mo yọ̀. Mo rò pé Bàbá Bọ́lá wá wo bí ìdánwò mi ṣe ń lọ. Òun ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá bọ́ sílẹ̀, kò sí gèlè lórí rẹ̀, ó gbé aṣọ kan tí wọ́n ká dáadáa mọ́ àyà.

Mo lọ pàdé wọn. Màsà wà lẹ́nu mi, màsà wà lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀."

Màmá wò mí. Ó kàn rọra lọ sílẹ̀, bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn.

Bàbá Bọ́lá ń fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ọkọ̀. Ó ní, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lágídí sọ̀rọ̀, "Ìwọ tí o wá yìí, jọ̀ọ́, kí lo fẹ́ lọ́wọ́ wa?"

Kí n tó lè gbé màsà mì kí n dá a lóhùn, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Gbogbo kíláàsì ló ń bọ̀. Wọ́n ti rí aláìsàn tí olùdánwò ní kí wọ́n máa retí. Wọ́n gbé Màmá sórí ibùsùn kanfáàsì, wọ́n sáré gbé e lọ sábẹ́ kánópì, ẹnì kan ń fín oògùn tẹ̀lé wọn, ẹnì kan ti ń po omi oníyọ̀. N ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ létòlétò tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sáré tẹ̀lé wọn. "Rúkáyà, ìyá ọkọ mi ni. Kì í ṣe eré."

Rúkáyà ò tilẹ̀ wo ojú mi. "A ti gbọ́, Àǹtí. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ẹ dúró sẹ́yìn okùn."

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ti mú ọkọ mi jókòó. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Níbo ni ẹ ti pọn omi tí ẹ mu láàárọ̀ yìí?" Bàbá Bọ́lá ní ìyàwó òun ti kú, ìyàwó òun ń jẹ màsà, ìyá òun sì ń kú lọ, kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó jẹ nínú màsà náà. Olùdánwò dúró lókèèrè, ó ń wò, ó ní, "Ó dára. Bí ẹbí ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn."

Ẹ̀rù tó bà mí ní àkókò yẹn, n ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Mo ń rí ọwọ́ Màmá tó rọ̀ sísàlẹ̀. Mo mọ ọwọ́ náà, ọwọ́ tó wẹ gbogbo ọmọ mi. Bí mo bá sì ti ń pariwo tó ni wọ́n ń yìn mí tó pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fo okùn kọjá, mo di olùdánwò mú lápá. Ẹnikẹ́ni kì í di olùdánwò mú lápá.

"Mà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ìyá tó bí ọkọ mi ni. Ilé ni wọ́n ti wá. Wọn ò mọ̀ pé à ń ṣeré."

Ó wo ọwọ́ mi lápá rẹ̀. Ó wo Màmá. Ó wá yíjú sí olùkọ́ wa. "Ọ̀gbẹ́ni Dáre, ṣé ẹ̀yin lẹ mú ìyá yìí wá?"

Ọ̀gbẹ́ni Dáre ní, "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ mú wọn wá, mà."

Ẹni tó ń fín oògùn dáwọ́ dúró. Olùdánwò ju gègé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Ó tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ní kí gbogbo èèyàn yẹra kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ó so ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lápá. Ó kà á, ó tún un kà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ṣé wọ́n ti wọn ìfúnpá ìyá yìí rí?" ni ó béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi.

"Rárá. Orí kàn máa ń fọ́ wọn ni. Wọ́n ní oòrùn oko ló ń fà á."

Ìgbà yẹn ni Màmá la ojú. Kánópì funfun ló wà lókè rẹ̀, àwọn tó wọ aṣọ funfun, tí wọ́n bo imú, ló yí i ká. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá rí mi, pẹ̀lú eérú lójú mi, àti màsà tí n ò mọ̀ pé ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ìyá Bọ́lá. Wọ́n mà ń fún yín lóúnjẹ níbí."

Mo ju màsà náà sílẹ̀.

Ó ní, "Ta wá ni a fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún, èmi àti ìwọ?"

Mo kúnlẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Mo ní, "Màmá, mi ò kú. Ẹ̀yin náà ò kú. Kàbà la wà. Ìdánwò la ń ṣe."

Ó tún wo kánópì. "Ìdánwò tí wọ́n ti ń kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣé o yege?"

Ilé ìwòsàn ni a gbé e lọ láti ibẹ̀. Dókítà tó rí i níbẹ̀ sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, pé ká ní a ò mọ̀ ni, ó lè ṣubú lóko lọ́jọ́ kan níbi tí kò ti sí ẹni tó máa rí i. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, ó ṣí aṣọ tí Màmá gbé mọ́ àyà nígbà tó dé. Aṣọ òkè ni, èyí tí Màmá ti fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí de ọjọ́ tirẹ̀. Òun ni wọ́n máa fi wọ òun bí òun bá kú, bẹ́ẹ̀ ló ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó mú un wá kí wọ́n lè fi wọ̀ mí.

Bàbá Bọ́lá ní láti Iyah-Gbẹ̀dẹ̀ títí wọ́n fi dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni Màmá ń sọ: "Mo rí i bó ṣe ń lọ láràárọ̀. Ẹ̀rù ọ̀nà máa ń bà mí nítorí rẹ̀, n ò sì sọ fún un." Mo jókòó síbẹ̀, mo di aṣọ náà mú. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, èyí ló yà mí lẹ́nu jù.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Àǹtí Bísí ti pe gbogbo ẹbí. Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti to àga síwájú ilé wa, wọ́n ti gbé ìkòkò ńlá kaná, obìnrin kan tí kì í kí mi ń ké pé kò sí irú mi mọ́. Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, àga dànù. Obìnrin tó ń ké yẹn ló kọ́kọ́ dé ẹ̀yìnkùlé. Bọ́lá, ọmọ mi, nìkan ló sáré wá sọ́dọ̀ mi. Ó so mọ́ mi lọ́rùn, ó ní, "Mo sọ fún wọn. Mo ní ẹ ò sọ fún mi pé ẹ máa kú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ dé sí iléèwé wa pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfínkòkòrò. Wọ́n ti gbọ́ lọ́jà pé kọ́lẹ́rà ti pa èèyàn. Wọ́n ní kí wọ́n mú òkú náà wá. Ọ̀gbẹ́ni Dáre pè mí jáde ní kíláàsì. Mo lọ dúró níwájú wọn, mo kí wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ó dá mi lójú pé èmi ni. Mo ní ó dá mi lójú.

Olùdánwò sọ èsì wa kó tó padà sí Lọ́kọ́jà. Ó ní, "Ẹ tọ́jú aláìsàn dáadáa. Òkú náà, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Àwọn alààyè tó wà níta ọgbà lẹ gbàgbé." Gbogbo wa la pàdánù apá tó jẹ mọ́ sísọ fún aráàlú. A tún un ṣe. Nígbà tí a fẹ́ tún un ṣe, a lọ kéde ní mọ́ṣáláṣí, a kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lọ́jà, ìsọ̀ Àǹtí Bísí ni a sì kọ́kọ́ dé. Mo kọ̀ láti ṣe aláìsàn. Ohun tí ọjọ́ náà kọ́ mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba aráàlú lọ́wọ́ àrùn, ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Àti pé ẹni tó ń wò ọ́ lọ láràárọ̀ láì sọ nǹkan kan, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń bínú sí ọ.

Ìwé ẹ̀rí ti dé ọwọ́ mi báyìí. Lóṣooṣù, èmi ni mo ń mú Màmá lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀. Bí a bá ti jókòó láàárín àwọn tó ń dúró de nọ́ọ̀sì, yóò yíjú sí ẹni tó bá súnmọ́ ọn, yóò sì nàka sí mi. "Ẹ rí ìyàwó ọmọ mi yìí? Ó ti kú rí. Nígbà tó kú ni wọ́n tó mọ̀ pé ara mi ò yá." Àwọn kan máa ń wò mí, wọ́n á rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ńṣì. Èmi á máa rẹ́rìn-ín. Kí ni òkú tún fẹ́ sọ?